Ọ́ọ̀sì omi ẹ́ńjìnì nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti pẹ́

Ọ́ọ̀sì omi ẹ́ńjìnì ni àwọn ọ̀pá rọ́bà tí ń gbé omi ìtutù láti inú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ lọ sí inú rédíétọ̀, tí wọ́n sì tún ń dá a padà. Nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti lo ọdún púpọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn rọ́bà yìí wà lára àwọn ẹ̀yà tí ó máa ń tètè bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì wà lára àwọn tí owó wọn kéré. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, omi lè tán nínú ẹ́ńjìnì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnì náà sì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Nítorí náà, ìbéèrè ìgbà tí ó yẹ kí a pààrọ̀ wọn ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tí ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá fún àwọn awakọ̀ èrò tí ọkọ̀ jẹ́ orísun oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí gbogbo rọ́bà máa ń kú. Ọjọ́ orí rẹ̀, bí ó ṣe rí lójú àti lọ́wọ́, irú omi tí wọ́n ń lò, ibi tí ẹ́ńjìnì wà nínú ọkọ̀ àti irú ìrìn tí ọkọ̀ ń rìn ni a máa ń gbé yẹ̀ wò pọ̀ kí a tó pinnu.

## Iṣẹ́ ọ́ọ̀sì nínú ọkọ̀

Ẹ́ńjìnì tó ń jó epo kì í lo gbogbo agbára inú epo náà láti fi wa ọkọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń di ooru. Apá kan ooru yìí ń bá èéfín jáde, omi tí ń yí ká inú ẹ́ńjìnì sì ń gbé apá kan lọ sí rédíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbà á lọ. Pọ́ọ̀ǹpù omi ni ó ń ti omi náà kiri. Tẹ́mósítàtì ni ó ń pinnu ìgbà tí omi yóò kọjá sí rédíétọ̀: nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ó máa ń sé ọ̀nà náà kí ẹ́ńjìnì lè tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ.

Ẹ́ńjìnì máa ń mì lórí ìjókòó rẹ̀, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ dúró gbọnin mọ́ ara ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé irin nìkan ni wọ́n fi so méjèèjì pọ̀, irin náà yóò ṣẹ́ láìpẹ́. Rọ́bà ni wọ́n ń lò nítorí pé ó lè gbé omi gbígbóná, kí ó sì tún máa bá ìmìtìtì náà lọ.

Ètò yìí kì í ṣiṣẹ́ ní gbangba bí ìkòkò omi. Ìdérí rédíétọ̀ tàbí ti ike omi máa ń sé ìfúnpá mọ́ inú rẹ̀, tí ó sábà máa ń tó nǹkan bíi bar 1 ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ. Omi lásán ń hó ní 100 °C lábẹ́ afẹ́fẹ́ ìta, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìfúnpá yìí kò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bíi 120 °C. Bí rọ́bà bá bẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná gan-an, ìfúnpá náà yóò lọ lójijì, omi tí kò tíì hó tẹ́lẹ̀ yóò sì di ooru lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ooru funfun fi máa ń tú jáde lára ọkọ̀ tí ọ́ọ̀sì rẹ̀ bá bẹ́.

## Oríṣi ọ́ọ̀sì

Iye ọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn. Àwọn tó wọ́pọ̀ nìwọ̀nyí:

- Ọ́ọ̀sì òkè: òun ni ó ń gbé omi tó ti gbóná láti ẹ́ńjìnì lọ sí orí rédíétọ̀. Ooru máa ń pọ̀ lára rẹ̀ ju lára ọ̀pọ̀ àwọn yòókù lọ.
- Ọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀: òun ni ó ń dá omi tó ti tutù díẹ̀ padà sí ẹ́ńjìnì. Pọ́ọ̀ǹpù ń fa omi láti inú rẹ̀, nítorí náà nínú àwọn ọkọ̀ kan wọ́n máa ń fi sípíríìngì sínú rẹ̀ kí ó má baà pa pọ̀.
- Ọ́ọ̀sì àbùjá: rọ́bà kékeré tí ó ń jẹ́ kí omi máa yí nínú ẹ́ńjìnì nígbà tí tẹ́mósítàtì bá ṣì sé. Ó sábà máa ń wà ní ibi tó há, ojú kì í sì í tètè rí i.
- Ọ́ọ̀sì hítà: méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ń gbé omi gbígbóná lọ sí hítà inú ọkọ̀. Ní ilẹ̀ olóoru, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lo hítà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ omi ṣì ń gba inú àwọn rọ́bà yìí kọjá lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gbó bí àwọn yòókù.
- Ọ́ọ̀sì ike omi: òun ni ó so rédíétọ̀ tàbí ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ ike tí omi ń wú sí nígbà tí ó bá gbóná.

## Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é

Ọ́ọ̀sì tó dára ní ìpele mẹ́ta. Ìpele inú ni omi ń kàn. Ìpele àárín jẹ́ okùn tí wọ́n hun yí rọ́bà ká, òun gan-an ni ó sì ń gba ìfúnpá mọ́ra. Ìpele òde ń dáàbò bo okùn náà lọ́wọ́ ooru, epo àti ìfarakanra. Bí omi bá ti ráyè dé ọ̀dọ̀ okùn, rọ́bà náà ti pàdánù agbára rẹ̀, kódà bí òde rẹ̀ bá ṣì ń dán.

Rọ́bà àtọwọ́dá tí a ń pè ní EPDM ni ó wọ́pọ̀ jùlọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà ní àwọn ọdún 1960. Ó lè fara da ooru, omi àti afẹ́fẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fara da epo. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì tí ó bá ń kán sí i lára lemọ́lemọ́ yóò mú kí ó wú, kí ó sì rọ̀ bí fùkẹ̀.

Rọ́bà sílíkóònù wà pẹ̀lú. Owó rẹ̀ ga ju ti EPDM lọ, ó lè fara da ooru púpọ̀ sí i, ó sì sábà máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó rọ̀, nítorí náà kílíìpù tí ẹnu rẹ̀ mú lè gé e. Òun náà kò fẹ́ràn epo.

## Bí rọ́bà ṣe ń bàjẹ́

Ooru àti afẹ́fẹ́. Ooru ń mú kí rọ́bà le díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi máa sán nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Òsóònù inú afẹ́fẹ́ náà ń dá kún un, pàápàá níbi tí rọ́bà bá ti tẹ̀ kọdọrọ. Ọkọ̀ tó ń dúró fún wákàtí púpọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ máa ń ní ooru púpọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò fẹ́ wọlé bí ìgbà tí ó ń sáré.

Iná mànàmáná kékeré inú omi. Irin ẹ́ńjìnì, omi ìtutù àti rọ́bà lè para pọ̀ di ohun tó jọ bátìrì kékeré. Iná tó bá jáde láti inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń la ìpele inú rọ́bà ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Omi yóò gba ojú ilà wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ okùn, yóò sì jẹ ẹ́ run. Ilé-iṣẹ́ Gates ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣe ọ́ọ̀sì àti bẹ́líìtì, wà lára àwọn tó ṣàlàyé ọ̀nà ìbàjẹ́ yìí, ìlànà àyẹ̀wò SAE J1684 sì wà fún dídán rọ́bà wò lórí rẹ̀. Ẹ̀bá ibi tí rọ́bà ti wọ ẹnu irin, láàárín nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí kílíìpù, ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Ọ́ọ̀sì òkè, ti àbùjá àti ti hítà ni ó máa ń kọ lù jù.

Ọ̀nà yìí ni ó léwu jùlọ, nítorí pé inú ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo òde nìkan kò ní rí i.

Epo. Ọ́ìlì tí ń jò láti ara ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́ wọ́pọ̀ gan-an. Bí ó bá ń kán sórí rọ́bà, pípààrọ̀ rọ́bà nìkan kò tó. Ibi tí epo ti ń jò gan-an ni kí a kọ́kọ́ dí.

Ìfarakanra. Rọ́bà tó bá ń fara kan bẹ́líìtì, irin tó mú tàbí ọ̀pá èéfín yóò gé tàbí kí ó jó. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi rọ́bà tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà sí i, tí gígùn tàbí ìtẹ̀sí rẹ̀ kò bá ojú ibẹ̀ mu.

Kílíìpù. Kílíìpù tí a fún jù yóò gé rọ́bà. Èyí tí a kò fún tó yóò jẹ́ kí omi máa yọ́ jò. Kílíìpù tó ti dípẹtà kì í di nǹkan mú dáadáa mọ́.

## Àwọn àmì tí ó yẹ kí a máa wò

A gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò yìí nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù pátápátá, bí àpẹẹrẹ ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó jáde. Ọwọ́ ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ojú lọ.

- Tẹ àárín rọ́bà náà. Èyí tó dára yóò wọlé díẹ̀, yóò sì padà sípò. Èyí tó le bí igi, tàbí tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ti kú nínú.
- Tẹ ẹ̀bá kílíìpù, kí o sì fi wé àárín. Bí ẹ̀bá kílíìpù bá rọ̀ ju àárín lọ, tàbí tí ìka bá ń rí ihò tàbí ilà nínú rẹ̀, ìbàjẹ́ iná mànàmáná ti bẹ̀rẹ̀.
- Wo ibi tí ó wú. Ibi tó yọ bí kókó fi hàn pé okùn àárín ti já níbẹ̀.
- Wo ojú sísán. Tẹ rọ́bà náà kọdọrọ kí àwọn ilà tó fara pamọ́ lè ṣí.
- Wo àbàwọ́n. Omi tó yọ́ jò tó sì gbẹ máa ń fi àbàwọ́n funfun, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ lẹ́nu kílíìpù.
- Fọwọ́ kan an bóyá ó ń lẹ̀. Rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ti mu epo.
- Máa wo omi inú ike. Bí ó bá ń dínkù láìsí ibi tí ó ń kán sí nílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ń jò nígbà tí ó bá gbóná nìkan, tí ooru sì ń gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọ́ọ̀sì òkè tó pa pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù kò fi dandan jẹ́ pé rọ́bà ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìdérí kò jẹ́ kí omi padà wọlé láti inú ike mọ́. Ìdérí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

## Ọjọ́ orí tàbí àmì

Èrò méjì ni ó wà lórí ìgbà tí ó yẹ kí a pààrọ̀ ọ́ọ̀sì.

Àwọn kan gbà pé ọjọ́ orí ni kí a máa tẹ̀ lé. Nínú ìmọ̀ràn àwọn tó ń ṣe ọ́ọ̀sì, ọdún 4 ni iye tí a sábà máa ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ó yẹ kí àyẹ̀wò fínnífínní tàbí ìpààrọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé ìbàjẹ́ inú kò ṣeé rí, àti pé iye owó rọ́bà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó ẹ́ńjìnì. Wọ́n tún sọ pé bí ọ̀kan bá ti bẹ́ nínú àwọn rọ́bà tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan náà, àwọn yòókù kò jìnnà sí i, nítorí pé ooru kan náà ni wọ́n jọ jẹ.

Àwọn mìíràn gbà pé àmì ni kí a máa tẹ̀ lé. Wọ́n ní rọ́bà tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́ lè nípọn, kí ó sì pẹ́ ju ayédèrú tuntun tó kún ọjà lọ. Wọ́n tún ní nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, fífa rọ́bà yọ lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀: ẹnu rédíétọ̀ tó jẹ́ ike lè ṣẹ́, ọ̀pá irin tí ìpẹtà ti jẹ lábẹ́ rọ́bà sì lè wó. Ẹni tó bá sì tú ohun tí kò jò lè dá jíjò sílẹ̀.

Ìdí wà nínú èrò méjèèjì. Ìkejì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ti ayédèrú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ọ̀pá tó ti jẹ kò fi hàn pé kí a fi rọ́bà sílẹ̀. Ọ̀pá tí ó lè ṣẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì lè ṣẹ́ lójú ọ̀nà pẹ̀lú, ó sì sàn kí ó ṣẹ́ níbi tí irinṣẹ́ wà. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ gbọ́dọ̀ fi owó àti àkókò sílẹ̀ fún àwọn ohun tó lè yọjú lẹ́nu iṣẹ́.

A lè pín ìpinnu náà sí ọ̀nà mẹ́ta:

- Kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó tún jáde: rọ́bà tó wú, tó ń jò, tó rọ̀ lẹ́bàá kílíìpù, tó ń lẹ̀ nítorí epo, tàbí tí okùn rẹ̀ ti yọ síta.
- Kí a ṣètò láti pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́: rọ́bà tó ti le, tó ní ilà kéékèèké lójú, tàbí tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ọdún 4 tí ọkọ̀ sì ń rin ìrìn àjò tó jìn. Inú ẹgbẹ́ yìí náà ni rọ́bà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ wà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀.
- Kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò: rọ́bà tó ṣì ń tẹ̀ tó sì ń padà, tí kò ní àbàwọ́n, tí ọjọ́ tí wọ́n fi sí i sì wà ní àkọsílẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ ọ́ọ̀sì, wọ́n máa ń tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ḿbà rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ṣe é sí òde rẹ̀. Bí èyí bá ti pa rẹ́, ó dára kí ẹni tó fi rọ́bà tuntun sí i kọ oṣù àti ọdún sínú ìwé ọkọ̀.

## Ibi tí ẹ́ńjìnì wà nínú ọkọ̀

Bí wọ́n ṣe to ẹ́ńjìnì sínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ń yí ìpinnu yìí padà.

Volkswagen T3. Àwọn bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ tí ẹ́ńjìnì wọn wà lẹ́yìn kò ní ọ́ọ̀sì omi rárá, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnì wọn. Afẹ́fẹ́ náà ni T3 fi bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tó ń lo omi wọ inú rẹ̀ ní 1981, ti bẹntiróòlù tó ń lo omi sì tẹ̀ lé e ní 1982. Ẹ́ńjìnì ṣì wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n iwájú ni wọ́n gbé rédíétọ̀ sí. Omi gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá lọ, kí ó sì padà, nínú ọ̀pá gígùn méjì, pẹ̀lú rọ́bà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí wọn. Omi inú ètò náà lé ní lítà 15, ọ́ọ̀sì inú rẹ̀ sì lé ní mẹ́wàá. Awakọ̀ tó jókòó níwájú lè má mọ̀ pé rọ́bà ti bẹ́ lẹ́yìn òun. Nítorí ìdí yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú T3 máa ń pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. T3 wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe danfo ní Èkó, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ofeefee pẹ̀lú ilà dúdú.

Volkswagen Kombi ti Brasil. Ní Brasil, wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀sì tó ṣáájú T3 títí di òpin 2013. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ títí di òpin 2005, kí wọ́n tó fi ẹ́ńjìnì tó ń lo omi rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì gbé rédíétọ̀ sí iwájú. Ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ní ọ́ọ̀sì láti tọ́jú, ẹni tó ní ti àtijọ́ kò ní.

Toyota HiAce. Láti 1967 tí ọkọ̀ yìí ti jáde, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnì máa ń wà nínú èyí tó wọ́pọ̀ jùlọ nínú wọn. A ní láti gbé ìjókòó sókè kí a tó rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn rọ́bà náà. Èyí ni ó ń mú kí àyẹ̀wò wọn máa falẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru abẹ́ ìjókòó náà kò ní ibi tó fẹ̀ láti gbà jáde. Bí rọ́bà bá bẹ́, omi gbígbóná wà nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

## Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá pẹ́ jù

Bí omi bá tán, ooru kò ní ẹni tí yóò gbé e kúrò. Tópù, ìyẹn irin tó bo orí àwọn sílíńdà, ni ó máa ń kọ́kọ́ jìyà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe é nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, ó sì máa ń tètè wọ́ bí ó bá gbóná jù. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò jó, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọ́ìlì tàbí inú sílíńdà. Bí awakọ̀ kò bá dúró, písítìnì lè há mọ́ inú sílíńdà.

Géèjì kò ṣeé gbára lé nígbà náà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru máa ń wà nínú omi. Bí omi bá ti tán lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ooru lásán ni ó ń wọ̀n, ọwọ́ géèjì sì lè lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì gan-an ń jó. Géèjì tó ga tó sì já wálẹ̀ lójijì jẹ́ ìdí láti pa ẹ́ńjìnì, kì í ṣe ìdí láti máa lọ.

Ewu ara náà wà níbẹ̀. Omi tó gbóná ju 100 °C lọ lè bó ènìyàn ní awọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá yìí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí rọ́bà bẹ́, bí kò ṣe nígbà tí ẹnìkan bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó ṣì gbóná.

## Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á sì gba omi sínú ọpọ́n. Rọ́bà tó ti lẹ̀ mọ́ irin kò yẹ kí a fi agbára fà, nítorí ẹnu rédíétọ̀. Wọ́n á fi ọ̀bẹ la rọ́bà àtijọ́ ní gígùn láìgé irin tàbí ike tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì bó o kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha ìpẹtà kúrò lẹ́nu irin títí yóò fi dán. Ẹnu tí ìpẹtà ti jẹ dé ihò kò yẹ kí a tún fi rọ́bà bò.

Rọ́bà tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu ní fífẹ̀, gígùn àti ìtẹ̀sí. Ọ̀pá rọ́bà tó gún gbọọrọ tí a kàn tẹ̀ kọdọrọ yóò pa pọ̀ níbi tó ti tẹ̀, omi kò sì ní lè kọjá dáadáa. Ní àwọn ọjà bíi Ládìpọ̀ ní Èkó, ó dára kí ẹni tó ń rà á mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ láti fi wé e, kí ó wo ẹnu rẹ̀ bóyá okùn wà láàárín, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ wò. Rọ́bà tó ti wà nínú oòrùn níwájú ìsọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ti ń gbó kí ó tó wọ ọkọ̀.

Kílíìpù tuntun ni ó yẹ kí ó bá rọ́bà tuntun lọ. Àkókò yìí náà ni ó rọrùn láti pààrọ̀ tẹ́mósítàtì, ìdérí àti bẹ́líìtì, níwọ̀n ìgbà tí omi ti jáde.

Bí wọ́n bá ti da omi padà, afẹ́fẹ́ tó há sínú gbọ́dọ̀ jáde. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí tẹ́mósítàtì yóò fi ṣí, wọ́n á sì máa fi omi kún un. Fún T3 tó ń lo omi, wọ́n máa ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè, wọ́n á sì tú ìdè kékeré tó wà lórí rédíétọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù, wọ́n á tún yẹ gbogbo kílíìpù àti omi wò.

## Omi tó yẹ

Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lásán máa ń mú ìpẹtà wá, àwọn èròjà inú rẹ̀ sì máa ń di èépá sínú rédíétọ̀. Kúláǹtì tó ní ethylene glycol, tí a pò mọ́ omi mímọ́ ní ìdajì sí ìdajì, ń gbé ìwọ̀n híhó sókè, ó sì ní èròjà tó ń dènà ìpẹtà. Àdàpọ̀ yìí kì í dì títí yóò fi dé nǹkan bíi −37 °C, èyí tó ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ òtútù. Kúláǹtì tó ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ máa ń pàdánù èròjà ìdènà ìpẹtà rẹ̀, nítorí náà, pípààrọ̀ rẹ̀ ní àkókò tí olùṣe ọkọ̀ sọ ń ran rọ́bà lọ́wọ́ láti pẹ́.

Ethylene glycol jẹ́ májèlé fún ènìyàn àti ẹranko, ó sì dùn lẹ́nu. Kò yẹ kí a dà á sílẹ̀ níbi tí ọmọdé, ajá tàbí ewúrẹ́ lè dé, tàbí kí a fi ìgò omi mímu tọ́jú rẹ̀.

## Bí ó bá bẹ́ lójú ọ̀nà

- Kí awakọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kí ó sì pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Kí àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí ibi tí ooru ti ń jáde.
- Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí títí ẹ́ńjìnì yóò fi tutù. Ó lè gbà ju ìdajì wákàtí lọ.
- Kí a má da omi tútù sí ẹ́ńjìnì tó gbóná janjan, nítorí ó lè la tópù tàbí irin ẹ́ńjìnì.
- Bí ó bá jẹ́ ẹnu rọ́bà ni ó ya, tí rọ́bà sì gùn tó, a lè gé ibi tó ya kúrò, kí a sì fi èyí tó kù padà sí ẹnu irin.
- Bí ó bá jẹ́ àárín ni ó jò, téèpù sílíkóònù tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lè dí i fún ìgbà díẹ̀. Ibi tí mẹkáníìkì tó sún mọ́ jùlọ wà ni kí ọkọ̀ gbà lọ, kì í ṣe ìdí ìrìn àjò náà.

Àwọn tó ń rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọkọ̀ tó ti pẹ́ máa ń gbé ọ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀, kílíìpù mélòó kan, sùkúdíráfà àti omi tó tó lítà mélòó kan lọ́wọ́. Àwọn rọ́bà àtijọ́ tí a yọ nígbà tí wọn kò tíì bẹ́ náà wúlò fún èyí, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé wọ́n ṣì lè gbé ọkọ̀ dé ilé.